Wọ́n mọ orin náà tán, wọn ò mọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12 ni mò ń kọ́. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ bíi pọ́díkáàsì, ìṣẹ́jú 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn òbí wọn. Mo tún ń kọ orin fún wọn, ohùn tuntun ni mo máa ń dá fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Inú wọn ń dùn sí i gan-an. Wọ́n lè kọ orin ìyípo omi láti òkè délẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bi wọ́n nínú ìdánwò pé kí ló dé tí ara igò omi tútù fi máa ń rin lóde, ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́ pé igò náà ló ń jò. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní eré ni mò ń ṣe. Òbí kan tún béèrè bóyá kí ọmọ òun máa fi orin sétí kàwé. Ṣé kí n kúkú jáwọ́ ni?”

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ẹ má jáwọ́. Ṣùgbọ́n torí pé mo fẹ́ gbè sẹ́yìn yín kọ́ ni mo fi máa sọ pé ọ̀gá yín kò rí nǹkan kan. Ó rí nǹkan, kò kàn pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ ni. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè yín tí ẹ dì pọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo: orin tí ọmọ ń kọ kí ọ̀rọ̀ má bàa bọ́ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ kí ọmọ lè gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn yín, àti orin tó kàn ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń kàwé. Etí ni gbogbo wọn ń gbà wọlé lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe, èkejì kò lè bá a ṣe é. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ tí mo sì ń gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe tí ẹ ń ṣe yìí, mo ti ṣe é ṣáájú yín, mo tiẹ̀ ṣe òmíràn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká mú orin ná. Àwọn ọmọ yín kò gbàgbé nǹkan kan. Ohun tí ẹ fún wọn gan-an ni wọ́n mú, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti bó ṣe tẹ̀ léra. Orin máa ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ohùn àti ìlù débi pé tí ẹnu bá fẹ́ ṣì í sọ, ohùn ò ní bá a lọ, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì mọ̀ pé òun ti yà kúrò lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí orin fi dára fún ohun tó ní ètò tí kò ṣeé yí padà: lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì, orúkọ oṣù, ìlọ́po, ètò àwọn pílánẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀bá oòrùn lọ síta. Àmọ́ ẹ wo irú ìrántí tó jẹ́. Mo bi ọmọkùnrin kan nígbà kan pé pílánẹ́ẹ̀tì wo ló tẹ̀ lé Saturn. Ó gbójú sókè àjà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń ka ìka lábẹ́ tábìlì. Láti Mercury ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dé Jupiter, ó ṣì í, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi pariwo pé “Uranus!”, àwọn tó kù ti ń kó ìwé wọn. Ó mọ̀ ọ́n, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ilé yẹn ní, ẹni tó bá fẹ́ dé yàrá ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gba gbogbo yàrá iwájú kọjá. Bákan náà ni pẹ̀lú orin álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀: ibi tí ohùn ti máa ń sáré ní L-M-N-O-P, ọ̀pọ̀ ọmọdé rò pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Ní 1994, Wanda Wallace tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ohùn orin ṣe ń ràn ìrántí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo sì máa ń fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ tó ń kọrin mọ̀ nípa rẹ̀. Ó rí i pé ohùn orin ń ranni lọ́wọ́ tó bá rọrùn, tó sì ń padà wá láti ẹsẹ kan dé òmíràn títí tó fi mọ́ olùgbọ́ lára. Tó bá jẹ́ ẹsẹ kan péré ni, tí ohùn náà sì ṣàjèjì, ìrànlọ́wọ́ yẹn kò sí mọ́; ohùn fúnra rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn tí èèyàn tún ń kọ́. Ibi tí tiyín ti wúwo nìyẹn. Ẹ ní ohùn tuntun ni ẹ máa ń dá fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ohùn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti tó fún ọdún kan gbáko, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ máa pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ níbí, torí Yorùbá ni ẹ fi ń kọrin. Kì í ṣe gbogbo ohùn tó mọ́ wọn lára ló gba ọ̀rọ̀ wa. Èmi náà kọ orin ìyípo omi nígbà kan. Ibi tí mo ti fẹ́ kí wọ́n kọ “oru ń gòkè”, ohùn tí mo yá lò wálẹ̀ kó tó gòkè, ló bá di “òru ń gòkè”. Ọmọdébìnrin kan nawọ́, ó ní: “Ṣé alẹ́ nìkan ni omi máa ń gòkè ni?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, èmi ni mo fa á. Ohùn tí wọ́n fi èdè mìíràn ṣe ni mo mú, mo wá ki ọ̀rọ̀ wa bọ̀ ọ́ bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹlòmíràn. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yín lẹ́nu lásán, kí ẹ gbọ́ ibi tó ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń bọ̀ nílẹ̀, kí ẹ tó wá ohùn tó máa bá a rìn.

Ní ti igò tí wọ́n ní ó ń jò, orin yín kò ṣẹ̀. “Oru, ìkùukùu, òjò” ni orin náà sọ, ètò lásán ni. Ohun tí ìbéèrè yín sì ń wá ni ìdí: pé omi wà nínú afẹ́fẹ́ yíká igò náà tí ojú kò rí, pé nígbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá fara kan ara igò tó tutù, oru inú rẹ̀ á padà di omi, á sì lẹ̀ mọ́ igò níta. Ọmọ tó mọ orin náà látòkèdélẹ̀ lè má mọ̀ láéláé pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára igò yẹn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkùukùu. Orin kò lè gbé “nítorí pé” dáadáa. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ó máa ń di ìwàásù onílù. Ẹ jẹ́ kí orin mú ọ̀rọ̀ dání, kí àlàyé, àríyànjiyàn àti ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí wá kọ́ wọn ní ìdí.

Ibì kan wà tí orin ti máa ń yà mí lẹ́nu ṣá, ìyẹn ni èdè àjèjì. Ní 2014, Karen Ludke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àgbàlagbà 60 jọ, wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 kọ́ wọn ní àwọn gbólóhùn kan ní èdè Hungary. Àwọn kan ń tún un sọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn kan ń sọ ọ́ tẹ̀ lé ìlù, àwọn kan ń kọ ọ́ lórin. Nígbà tó di pé kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ èdè náà, àwọn tó kọ ọ́ lórin ló ṣe dáadáa jù. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé wọn ò jókòó kí ẹlòmíràn máa kọrin fún wọn. Ẹnu tiwọn ló ṣiṣẹ́.

Ó kan pọ́díkáàsì. Ìṣẹ́jú 40 ti pọ̀ jù, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà fi oyin sí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ gùn tó ìṣẹ́jú 43. Mo tẹ́tí sí i nígbà tí mò ń fọ abọ́, pé kí n wò ó bí ọmọ ṣe máa gbọ́ ọ. Kí n tó fọ ìkòkò kejì tán, mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni ọkùnrin náà. Ojú lè padà sẹ́yìn sórí ìlà tí kò yé e, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pàápàá. Etí kì í padà sẹ́yìn. Ní 1974, Alan Baddeley àti Graham Hitch ṣàpèjúwe ibi iṣẹ́ kékeré kan nínú ọpọlọ tí a máa ń kó ohun tí a ń rò lọ́wọ́ sí, apá kan ibẹ̀ ló ń di ìró mú. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì ni apá yẹn ń gbà. Èyí tí a kò bá tún sọ nínú ọkàn á ṣá lọ. Lẹ́yìn náà, ní 2001, Nelson Cowan fi hàn pé ohun bíi mẹ́rin ni ọpọlọ lè dì mú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ro ọmọ ọdún 11 tí ẹ ń da orúkọ tuntun mẹ́jọ lù láì mí.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé fífetí gbọ́ àti fífojú kà kò yàtọ̀. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ohun tí wọ́n fi dán an wò ni kò dọ́gba. David Daniel àti William Woody tẹ ìwádìí kan jáde ní 2010 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì: àwọn kan ka àpilẹ̀kọ, àwọn kan gbọ́ ọ bíi pọ́díkáàsì, àwọn tó gbọ́ ọ sì fìdí rẹmi gidigidi nínú ìdánwò. Ní 2016, Beth Rogowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní ìtàn ìgbésí ayé kan, àwọn kan kà á, àwọn kan gbọ́ ọ, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Bí mo ṣe rí i láti gbogbo ọdún yìí wá ni pé ìtàn máa ń gbé olùgbọ́ dání. Bí gbólóhùn kan bá tilẹ̀ bọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á fà á padà. Àlàyé tó le kò rí bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn kan tó bá bọ́ nínú rẹ̀, òkè ò ṣeé dé mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí pọ́díkáàsì sọ ìtàn, kó béèrè ìbéèrè, kó jẹ́ kí wọ́n fẹ́ mọ̀. Àwòrán, ìṣirò, orúkọ tó ta kókó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìwé àti pátákó.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju gígùn lọ ni pé kí ọmọ ní nǹkan láti ṣe. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi rédíò kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Nicaragua, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Stanford wà níbẹ̀. Rédíò yẹn kì í ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Á béèrè ìbéèrè, á dákẹ́, gbogbo kíláàsì á dáhùn sókè, rédíò á wá sọ ìdáhùn, ó di òmíràn. Àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ borí àwọn tí kò gbọ́ ọ nínú ìdánwò ìṣirò. Ohun tí mò ń sọ ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ní ìṣẹ́jú kejì, ẹ sọ pé: “Kí lo rò pé ó fà á? Sọ ọ́ jáde.” Kí ẹ wá dákẹ́ lóòótọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 8 á dà bí ọdún kan létí yín nígbà tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀. Ẹ má fi ìlù dí àlàfo náà. Ní ìparí, dípò kí ẹ tún gbogbo ọ̀rọ̀ kà fún wọn, ẹ ní kí wọ́n ti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n rántí. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi èyí hàn ní 2006: àwọn tó tún ọ̀rọ̀ kà ṣe dáadáa jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbìyànjú láti rántí rẹ̀ fúnra wọn ló ṣáájú. Ọmọ á kùn sí yín o. Rírántí nira ju gbígbọ́ lọ, inú wọn kò sì ní dùn sí i bí inú wọn ṣe ń dùn sí orin.

Ìṣẹ́jú 8 sí 10 ni mò ń ṣe báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún dín ẹrù kù lórí àwọn òbí tó ń ra dátà: ìṣẹ́jú 40 tí ẹ bá gbà ní 128 kbps (ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á gba nǹkan bíi 38 MB, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 10 ní 64 kbps kò lé ní 5 MB, ohùn èèyàn sì ń já geere níbẹ̀. Ẹ má tíì ra máíkì olówó ńlá. Yàrá tí aṣọ àti tìmùtìmù pọ̀ sí, tí fóònù kò jìnnà sẹ́nu, sàn ju máíkì gidi nínú yàrá òfìfo tí ohùn ti ń gbúròó padà. Kí ẹ sì máa kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ìwé kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa wà ní kíláàsì ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ.

Fún òbí tó béèrè nípa orin nígbà ìwé kíkà, ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lọ́wọ́ ló máa sọ. Pierre Salamé àti Baddeley kan náà fi hàn ní 1989 pé orin tó ní ọ̀rọ̀ ń dí ìrántí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ju orin tí kò ní ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ orin àti ọ̀rọ̀ ìwé jọ ń jà sí àyè kékeré kan náà. Tí ọmọ bá ń kàwé tàbí ń kọ́ nǹkan sórí, kó pa á. Tó bá ń ya àwòrán tàbí ń tún iṣẹ́ tó ti mọ̀ kọ, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ilé tí ariwo èèyàn bá kún inú rẹ̀, orin aláìlọ́rọ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ aládùúgbò tí a ń gbọ́ kedere lọ. Bó bá sì bi yín nípa orin Mozart, olórin ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ nì, nítorí wọ́n máa ń béèrè, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyí: ní 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orin Mozart ìṣẹ́jú 10 dán akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 wò. Wọ́n ṣe dáadáa sí i nínú irú ìdánwò kan, ti kíká bébà àti gígé e lójú inú, àǹfààní náà kò sì kọjá ìṣẹ́jú 15. Ìyẹn ni ayé sọ di pé Mozart ń mú ọmọ ọwọ́ gbọ́n, débi pé ní 1998 gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà fẹ́ ra orin fún gbogbo ọmọ tuntun. Ní 2001, William Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ara yíyá àti inú dídùn ló fa gbogbo rẹ̀. Orin tó bá ń ta ọmọ jí lè wúlò kó tó jókòó ti ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ ọ́ ló kọ ọ́.

Ẹ má bá ọ̀gá yín jiyàn. Ẹ mú ẹ̀kọ́ méjì tí ìṣòro wọn dọ́gba, kí ẹ kọ́ ọ̀kan bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ọgbọ́n tuntun yìí kọ́ èkejì, kí ẹ sì dán wọn wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè “kí ló fà á” nìkan. Kíláàsì kan ṣoṣo kò lè fìdí nǹkan múlẹ̀ fún gbogbo ayé, mi ò sì lè ṣèlérí pé máàkì wọn á fò sókè. Ọmọ tí kò gbádùn gbígbọ́ wà, ó fẹ́ràn ìwé rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ìwé máàkì méjì lórí tábìlì ọ̀gá yín á sọ̀rọ̀ ju lẹ́tà tèmi yìí lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ po àwọ̀ pupa mọ́ omi tútù nínú igò kan, kí ẹ dé e pa, kí ẹ nù ún gbẹ lójú wọn, kí ẹ gbé e sórí tábìlì láìsọ ohunkóhun. Ẹ gbé fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni kan á rí i pé omi tó wà lára igò kò pupa. Ariyanjiyan tó bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má pẹ̀tù sí i. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì yín tó kàn.